Pẹ̀lẹ́ Tí Wọ́n Fi Lé Coach Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lónìí ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn míì ní Ìbàdàn, àwọn míì níbí ní Calgary. Oṣù February ni, òtútù ọdún náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ṣàwàdà. Mo ti ṣe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílé kí n tó wá, mo ti sá fún tear gas rí, mo sì rò pé kò sí ìjà akẹ́kọ̀ọ́ tó tún lè yà mí lẹ́nu. Èyí tí mo bá ní Calgary kò ní tear gas nínú. Bébà àti ìjókòó ni wọ́n fi ń jà níbí, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè sá fún un.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ọ́ báyìí ni pé Coach kú ní oṣù tó kọjá. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ hockey kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pé jọ sí rink, ilé tí wọ́n ti ń gbá hockey lórí yìnyín, láti rántí rẹ̀, èmi náà sì lọ. Kálukú ń sọ oore tó ṣe fún un. Ọmọbìnrin kan tó ń gbá hockey fún kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí wá béèrè pé bí gbogbo wa bá fẹ́ràn rẹ̀ tó yìí, kí ló dé tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní òun gbọ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò rẹ̀ ẹ́. Wọ́n lé e ni, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n sì fi lé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Òun ló ń kọ́ ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní hockey. Nígbà tí mo dé, inú basement kan, yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Forest Lawn ni èmi àti àwọn ọmọbìnrin méjì ń gbé, heater ibẹ̀ sì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Torí ẹ̀ la ṣe máa ń pẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, títí kan ọjọ́ Sunday. Lọ́jọ́ Sunday kan, Coach rí wa ní ẹnu ọ̀nà rink, a ń wòran àwọn tó ń yọ̀ kiri lórí yìnyín, ó ní kí a wọlé. Ó wá bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín tó bá wa mu. Ọkùnrin tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí kúnlẹ̀, ó ń so okùn bàtà mi. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn, àmọ́ ó ní kí n dúró jẹ́ẹ́, pé ẹni tí bàtà rẹ̀ bá dẹ̀ ló ń ṣubú.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sunday tí a kì í lọ. Ó ní kí a máa pe òun ní orúkọ òun; ta ló fẹ́ gbà? A pè é ní Coach sir títí tó fi sú u. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń bá kọ́lẹ́ẹ̀jì míì gbá a, àwa ọmọ Nàìjíríà a jókòó sí apá ọ̀tún, tí goal bá wọlé, a ó pariwo pé “Ó wọlé!” Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń bá wa pè é. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ rò pé orúkọ ẹni tó gbá a ni, wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ wa pé nọ́ńbà wo ni Wọlé ń wọ̀.

Lọ́dún kejì mi, àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwọn fẹ́ wó rink náà kí àwọn fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ nǹkan mìíràn. Ariwo pọ̀, wọ́n wá gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ ni olórí ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, èmi ni akọ̀wé rẹ̀. A lọ láti kíláàsì dé kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ a máa sọ fún wọn pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, á wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò gbọ́. Àwọn ọmọ tó ń gbé ní Whitehorn ń pín ìwé nínú train. Ó ku ọ̀la kí a dìbò ni ìkéde jáde pé àwọn tó wà lórí study permit, ìwé àṣẹ tí wọ́n fún àwa tó wá kẹ́kọ̀ọ́, kò ní dìbò, pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, àlejò sì ni wá. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ kà á tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé irú àwọn èèyàn yìí, tó máa ń ba ìbò jẹ́ nílé, ò rí visa gbà wá síbí ni.

Lọ́jọ́ ìbò, a tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn. Bó bá kan ẹnì kan nínú wa, wọ́n á wo káàdì rẹ̀, wọ́n á ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kò lọ sílé. A jókòó sórí snow níwájú gbọ̀ngàn ìdìbò, a ń kọrin. Bó bá jẹ́ ilé ni, a lè jókòó síbẹ̀ dìrọ̀lẹ́. Níbí, kò ju wákàtí kan lọ tí ọmọ Ghana kan fi ń sunkún pé òun ò mọ ìka ọwọ́ òun mọ́. Rink dojú kọ gbọ̀ngàn náà. Coach jáde, ó wò wá, ó padà wọlé. Nígbà tó máa tún jáde, ilẹ̀kùn méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ní kí a wọlé, pé a lè fẹ̀hónú hàn nínú ilé.

A rọ́ wọlé pẹ̀lú snow lábẹ́ bàtà wa, ó sì yọ́ sórí símẹ́ńtì. Ẹ̀ṣọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, àgbàlagbà, sáré wá láti ti ilẹ̀kùn padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ọwọ́ balẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án kó tó ṣubú. Èmi gan-an ni mo fi scarf mi gbé ọwọ́ rẹ̀ dúró títí ambulance fi dé.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pe ìjókòó ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n pe Coach, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rán aṣojú kan. Èmi ni Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ rán, ó ní ohùn mi tutù ju tòun lọ. Obìnrin tó jẹ́ alága béèrè bóyá mo mọ̀ pé ibi méjì ni ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ náà ti ṣẹ́. Mi ò mọ̀. Ó dùn mí gan-an. Mo ní, “Ah, sorry, ma. We are very sorry.”

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí mo sọ. Pẹ̀lẹ́ ni mo sọ. Ẹni tí a kò mọ̀ rí lè kọsẹ̀ ní òdìkejì títì, kí a sì kí i pẹ̀lẹ́; ta ni yóò gbọ́ pé ọwọ́ àgbàlagbà ṣẹ́, tí yóò kàn máa wò? Ṣùgbọ́n alága gbé kálàmù, ó béèrè pé, “Gbogbo yín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa. Coach yíjú sí mi kíá. Ẹyin lohùn; kí n tó mọ̀ pé tèmi ti bọ́, ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá sọ pé èdè ló ṣe wá. Ohun tí mo sì ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi nílé wa ní Copperfield, gbogbo èèyàn a máa rẹ́rìn-ín pé sorry kó Fọlákẹ́ sí wàhálà. Ọmọ mi obìnrin, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn, ní, “Mummy, you should have just said, that's too bad.” Mo bá wọn rín in.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn nìyí. Lọ́jọ́ kejì ìjókòó, wọ́n fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fọwọ́ sí i. Ó wà níbẹ̀ pé aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ gbà, ó sì tọrọ àforíjì, pé àwọn tí Coach kó wọlé ló ṣe ẹ̀ṣọ́ náà léṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ọ́fíìsì wọn, òṣìṣẹ́ kan sì sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé bí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà, wọ́n lè kà á sí irọ́ pípa níwájú ìgbìmọ̀, pé kí n ro permit mi. Mo pe Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀.

“Má fọwọ́ sí i,” ó ní. “Padà lọ bá wọn, sọ fún wọn pé ohun tó o sọ kọ́ nìyẹn. Abeg, Fọlákẹ́, that man open door for us.”

“Ẹ̀gbọ́n, permit mi ńkọ́?”

“Gbogbo wa la ní permit, àbúrò.”

Mo fọwọ́ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ní kí Coach máa lọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé inú ń bí gbogbo èèyàn, wọ́n fagi lé ìbò náà, wọ́n tún un dì, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n jẹ́ kí àwa náà dì í. Rink borí. A jó nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, níbi tí Coach kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ ò jó. Ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn báyìí, ó máa ń kí mi nígbà ọdún, ṣùgbọ́n kò pè mí ní àbúrò mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tún rí Coach, ní ibùdókọ̀ train ní Whitehorn. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní hockey nígbà náà. Òun ló kọ́kọ́ rí mi. Ó béèrè bóyá mo ti parí ẹ̀kọ́ mi, bóyá PR mi, ìwé ìgbélùú, ti jáde. Mo ní ó ti jáde. Ó ní inú òun dùn, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Train kan dé, mo wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀nà ilé mi ló ń lọ.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ìrántí rẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin yẹn béèrè ìbéèrè rẹ̀, mo dìde, mo sọ ìtàn sorry fún wọn. Mi ò dé ibi ìfọwọ́sí. Àánú mi ṣe wọ́n. Bàbá kan tó ti ń wo ẹgbẹ́ náà láti ìgbà èwe rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo gba ìtùnú tí kò tọ́ sí mi, mo sì jókòó.

Ẹ bá mi wò ó. A jèrè rink, ẹ̀yin náà ń lò ó. A jèrè ìbò, kò sì tún sẹ́ni tó ní ọmọ tó wà lórí permit kò gbọdọ̀ dìbò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn mọ́. Àwa tí a pariwo jù kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn nìkan ló fi iṣẹ́ rẹ̀ san án, àkọsílẹ̀ yẹn ṣì wà nínú fáìlì wọn, ó ṣì ń sọ pé jàǹdùkú ló kó wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni gbèsè tó kù lọ́rùn wa, tèmi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Torí náà mo kọ lẹ́tà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Mo ṣàlàyé sorry, mo ṣàlàyé pẹ̀lẹ́, ojú ewé méjì gbáko. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo gbé e lọ fún ìyàwó Coach nílé wọn. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá ní ohun kan ṣoṣo wà tí òun fẹ́ béèrè.

“Nígbà tó o fọwọ́ sí ìwé yẹn, ṣé o ti kà á?”

“Mo ti kà á, ma.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ó máa ń sọ fún mi pé o ò kà á,” ó ní. “Títí tó fi kú. Ó ní kò lè jẹ́ pé ọmọ yẹn kà á.”

Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níwájú ilé náà, mo fa ojú ewé méjèèjì ya, mo sì tún un kọ. Kò gùn mọ́. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé mo kà á kí n tó fọwọ́ sí i.