Èèkù Ọwọ́ Òsì

Síkúrù mọ́kànlá ló wà lára ìbọn náà tí èèyàn lè tú. Mo mọ̀ nítorí pé mo tú gbogbo wọn ní ọjọ́ kejì tí mo gbé e délé. Mo tò wọ́n sórí tówẹ́ẹ̀lì funfun lórí tábìlì ìjẹun, mo sì tún wọn dè kí bàbá mi tó ti ìpàdé ìjọ dé.

Ìbọn ìléwọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìdíje. Kò gba ẹ̀tù. Páǹpù ọwọ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ ni a fi ń rọ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ọta òjé tó sì ń yìn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Èèyàn á dúró ní mítà mẹ́wàá sí bébà tí wọ́n ya òbìrí sí, á na ọwọ́ kan ṣoṣo, á yin ọgọ́ta ọta. Ọta tó bá bọ́ sí àárín gan-an gba máàkì mẹ́wàá. Mo ṣe àlàyé yìí fún gbogbo ará àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó béèrè, wọn kò sì yé béèrè. Ìyá aládùúrà tó ń gbé òdìkejì wa dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá ni?"

"Rárá, Mà. Eré ìdárayá ni."

"Ìbọn! Eré!" Ó ká ẹsẹ̀ sùtánà rẹ̀ sókè bí ẹni pé ọta ti ń já bọ́ nílẹ̀ níbẹ̀. "Màá máa gbàdúrà fún ẹ. Ṣùgbọ́n má dojú ẹ̀ kọ ilé mi."

Ọwọ́ àgbàlagbà kan ní Òrù ni mo ti rà á, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo ti ń yá ìbọn ẹgbẹ́ ayìnbọn wa lò. Ó ti yìnbọn fún ìpínlẹ̀ nígbà kan, kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án títí ìwé àṣẹ fi jáde, oṣù mẹ́fà sì ni mo fi ń lọ ń bọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní Abẹ́òkúta kó tó jáde. Ọjọ́ tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbogbo ara ìbọn yìí ló ṣeé yí padà. Kí o ṣọ́ra fún ìyẹn."

Mo rò pé ìpolówó ọjà ni. Kì í ṣe ìpolówó. Èèkù rẹ̀ ṣeé yọ. Irin kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀, tí a fi ń wo àmì, ṣeé pààrọ̀ sí èyí tó fẹ̀ jù ú lọ tàbí èyí tó tín-ín-rín. Irin ẹ̀yìn ṣeé ṣí, ó ṣeé pa dé. Tírígà ṣeé fà síwájú, ó ṣeé tì sẹ́yìn, ó ṣeé dorí rẹ̀ kọ ọ̀tún tàbí òsì. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ohun tí mo bá yí sí, àti iye máàkì tó tẹ̀lé e.

Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn àtijọ́ kan tí kò jìnnà síbẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe ìdánrawò ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Wọ́n máa yan obìnrin méjì ní Abẹ́òkúta láti ṣojú ìpínlẹ̀. Mo fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì náà. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì, ìdúró ni gbogbo ohun tí mo ń ṣe: mo ń dúró de lẹ́tà, mo ń dúró de ìpè, mo ń dúró de ẹni tó ní òun máa bá mi sọ fún ẹnì kan. Ìbọn yíyìn ni ohun àkọ́kọ́ tí èsì rẹ̀ ń jáde ní ọjọ́ kan náà. Èmi ni mo wà ní ipò kẹrin lórí ìwé kóòṣì.

Èèkù tó bá ìbọn náà wá jẹ́ ti ọwọ́ ńlá ọkùnrin. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Atíkorí, lẹ́bàá ilé ìlagi, ẹni tó ṣe gbogbo àga ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó yí èèkù náà síwá sẹ́yìn, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ pé kó ro ẹ̀bà. Mo rò pé ó fẹ́ jẹun ni. Gàrí Ìjẹ̀bú ni obìnrin náà fi rò ó, ó le débi pé igi ìrokà dúró nínú rẹ̀. Bàbá náà bu òkìtì kan lé mi lọ́wọ́.

"Dì í mú bí o ṣe máa di ìbọn rẹ mú. Má jẹ ẹ́ o."

Ojú ìka mi hàn lára ẹ̀bà náà kedere. Wọ́n sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, bàbá náà sì gbẹ́ igi ọ̀gànwó kan tó bá a mu gẹ́gẹ́. Èèkù náà wọ ọwọ́ ọ̀tún mi bí ìbọ̀wọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, máàkì mi ń gòkè. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni n kò lè fi ìbọn náà sílẹ̀ mọ́. Mo pààrọ̀ irin iwájú lọ́jọ́ Ajé, mo dá a padà lọ́jọ́rú. Mo fi ìwúwo kún abẹ́ ẹnu rẹ̀, mo yọ ọ́. Lẹ́nu iṣẹ́, bí mo ṣe ń tẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ìka mi máa ń fa tírígà tí kò sí níbẹ̀. Kóòṣì wò mí títí ní ọjọ́ kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, ibà ló ń ṣe ẹ́, ibùsùn lo ń yí padà."

"Ibà wo, sà?"

"Ẹ̀yìn ogójì ọta ni gbogbo rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Síkúrù kì í mọ iye ọta téèyàn ti yìn."

Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí n fi ìka ṣe ihò kékeré kan, kí n máa wo aago ara ògiri gba inú rẹ̀. Mo rí aago náà. Ó ní kí n di ojú òsì. Aago náà pòórá. Ògiri lásán ni mo ń wò. Mo ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá náà ló pòórá.

"Ojú òsì rẹ ni ọ̀gá," ni kóòṣì wí. "O sì ń dì í pa ní gbogbo ìgbà tí o bá ń yìnbọn. Bó bá yá, ó á rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wo lo fi kọ́kọ́ kọ̀wé ní kékeré?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo rántí ìbọ̀sẹ̀ funfun kan, tí wọ́n fi òwú so mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì mi, nínú yàrá kan ní Ìbíadé lágbègbè olómi, níbi tí wọ́n gbé ìyá mi lọ ṣe tísà nígbà tí mo wà ní kékeré. N kò lè búra pé mo rántí rẹ̀ lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n yan àwọn méjì náà. Bí mo bá máa fi ojú òsì wo àmì, ọwọ́ òsì ni mo gbọ́dọ̀ fi di ìbọn mú. Mo padà sí Atíkorí.

"Òsì kẹ̀?" ni káfíńtà náà wí. "Kí ló ṣe ọ̀tún?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, Bàbá. Ojú ni."

"Ojú ló ń dùn ẹ́, ọwọ́ lo wá ń tọ́jú. Ẹ wá gbọ́ o, ọmọ tó kàwé tán!"

Ìyàwó rẹ̀ ti yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ̀bà tèmi? Kó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́? Ṣé kò mọ ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹn ṣe ni?"

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kí ìyá rẹ wá. Tó bá fọwọ́ sí i, màá gbẹ́ ẹ. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. N ò fẹ́ kó máa yọjú wò mí lórí ìwé orin."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo lè wá káfíńtà mìíràn; wọ́n pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó bí igi ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pẹ̀lú. Wọ́n ti dá a padà sí Ìbíadé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé lọ́tẹ̀ yìí, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa ń wálé. Mo wọ mọ́tò méjì lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ nígbà tí mo wọlé.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mà."

"Jókòó. Ẹja wà."

Mo ṣàlàyé fún un: ojú, ọwọ́, ogójì ọta. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dé bírò pupa rẹ̀.

"O wá fi ẹjọ́ mi sùn mí."

"Rárá, Mà. Mo wá béèrè ni."

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹ́ nígbà tí a débí. N ò mọ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó apẹja kan fún ẹ ní ẹja, o na òsì sí i. Ó gba ẹja rẹ̀ padà. Kò bínú, ó kàn wò mí. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ mẹ́rin ni wọn ò mú wá sí kíláàsì mi mọ́. Tísà tí kò lè kọ́ ọmọ tirẹ̀, ta ni yóò gbé ọmọ fún un?"

"Ṣé ó dá yín lójú pé tìtorí ìyẹn ni? Ó lè jẹ́ àsìkò ẹja ni."

"Wò ó, o ò sí ní ipò mi. O ò sunkún nígbà tí mo so ìbọ̀sẹ̀ náà. O kàn ń wo ọwọ́ náà ṣáá, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Èmi ni mo sunkún."

Mo jẹ ẹja náà.

Lọ́jọ́ kejì a jọ dé Atíkorí. Ìyá mi kò kúnlẹ̀ ṣàlàyé gígùn. Ó yọ gàrí tirẹ̀ nínú báàgì, ó béèrè omi gbígbóná, ó ro ẹ̀bà náà fúnra rẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Èmi ni mo ni gàrí, èmi ni mo rò ó," ó wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, tèmi ni."

"Ẹ ò rí tísà!" ni ìyàwó káfíńtà wí, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ọwọ́ òsì mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú. Ìka kẹrin ń sáré ṣíwájú àwọn yòókù. Ìgbà mẹ́ta ni a rò ó kí bàbá náà tó gbà pé ó tó. Nígbà tó gbẹ́ èèkù náà tán, àwọn adìyẹ ló ṣa ẹ̀bà gbígbẹ náà jẹ. Wọn kò béèrè ọwọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo dorí tírígà kọ òsì, mo bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní mo gba 470 nínú 600. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti gba 543 rí. Kóòṣì kò fẹ́ gbọ́ ọ.

"Fi ọ̀tún yìn ín ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀, màá kọ́ ẹ ní òsì."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà ní ipò kejì kì í gbà ju méjì mẹ́ta lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ 545, ọ̀tún mi kò sì tíì dé 545 rí. Òsì ń gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó dé 531. N kò mọ ibi tí yóò dúró. Mo kó èèkù méjèèjì sínú báàgì, mo sì yí ọkàn padà ní ẹ̀ẹ̀mejì kí mọ́tò tó dé Abẹ́òkúta.

Wọ́n ní àpótí kan tí wọ́n fi ń wọn ìtóbi ìbọn; ìbọn gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí o dúró lórí ìlà. Mo de èèkù òsì mọ́ ìbọn náà, mo gbé e fún wọn. Etí èèkù náà há. Mo jókòó sórí ilẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń fi sáńpépà fá a, àwọn tó kù ń bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò wọn. Nígbà tó wọ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọta mẹ́wàá àkọ́kọ́ burú: 84. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kò tó fún ìdánrawò. Mo gbé ìbọn náà sílẹ̀, mo tún gbé e, n kò fọwọ́ kan síkúrù kankan. Ogójì ọta kọjá, ojú kò rẹ̀ mí. Mẹ́wàá tó kẹ́yìn jẹ́ 93. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 541. Ẹnì kejì gba 545. Mo ṣe ẹ̀kẹta.

Ìyá mi pè mí lórí fóònù kí n tó jáde ní gbọ̀ngàn.

"Ṣé wọ́n mú ẹ?"

"Wọn ò mú mi, Mà. Ẹ̀kẹta ni mo ṣe."

"Ọdún mélòó lo fi ọ̀tún kọ́ ọ?"

"Ọdún márùn-ún."

"Òsì ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Àbí o ò rí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Mà. Ìdíje kan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá fi ọ̀tún yìn ín, ó lè jẹ́ 546."

"Olúwa, irú ọmọ wo lẹ fún mi yìí," ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Máàkì mẹ́rin péré ni, n kò sì yé pín in sí wẹ́wẹ́ nínú mọ́tò títí a fi dé Ìjẹ̀bú-Òde: méjì nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú ọta tí mo yìn kí n tó ṣetán, ọ̀kan tí n kò rí ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, kóòṣì ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó sì bi mí ọwọ́ wo ni kí òun kọ síwájú orúkọ mi. Mo ní òsì.