Àáró Tí Ọkọ Mi Jẹ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe inú ohun tí mo kọ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo lọ, n kò sì kọ ohun tó ju lẹ́tà lọ rí. Ẹnu mi pàápàá kì í yá láàrin èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí ni n óò sọ.

Ọlọ́pàá ni ọkọ mi. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, inú bárékè kékeré kan ní ìtòsí Ọ̀yẹ́ ni à ń gbé. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé já sí kòtò, àwọn ọlọ́pàá wa ni wọ́n sì lọ kó àwọn èèyàn jáde. Ọkọ mi gbé ọmọbìnrin kékeré kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà kú sí.

Nígbà tó délé, ó wẹ̀, ó jẹun, ó ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Á kọjú sí ògiri láti àárọ̀ di alẹ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ wá, á ní kí n gbé e sílẹ̀, eṣinṣin ni yóò sì jẹ ẹ́. Ọ̀gá wọn fún un ní ìsinmi, ìsinmi náà sì ń tán lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní, "Ìyàwó, bí n kò bá sí, ṣé wàá lè padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ?" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ń bà mí láti fi í sílẹ̀ lọ pọnmi.

Sájẹ́ǹtì àgbà kan, ọmọ Ayédé, wá kí wa. Ọkọ mi kò jáde sí i. Sájẹ́ǹtì bi mí bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́, mo bú sẹ́kún. Ó wo ojú mi, kò tún bi mí ní nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn ilé. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Sájẹ́ǹtì àti kọ́púrà kan ló ń kọ ebè nínú oko tí ọkọ mi ti ṣán kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o."

Sájẹ́ǹtì lọ sẹ́nu fèrèsé wa, ó pariwo, "Ìwọ tí o sùn síbẹ̀! A ti bẹ̀rẹ̀ àáró o. Tìrẹ la kọ́kọ́ ṣe. Oko tèmi ló kàn ní Sátidé. Bí o kò bá wá, n óò lọ sọ fún bàbá rẹ ní Ìfisìn pé ọmọ rẹ̀ jẹ àáró, kò san án!"

Ọkọ mi fa aṣọ borí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé owó kì í san àáró. Ọwọ́ tí wọ́n fi bá ọ kọ ebè, ọwọ́ ni wàá fi san án. Nírọ̀lẹ́, ó bi mí láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí, "Ṣé wọ́n kọ ọ́ dé ìdí ọ̀pẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn èèyàn yìí dá mi lóró."

Ní Sátidé, ó dìde, ó gbé ọkọ́. Èmi àti ìyàwó kọ́púrà gbé iyán tẹ̀lé wọn. Ọmọ Ìlàjẹ ni kọ́púrà, ọmọ odò. Ó mọ àwọ̀n jù ọkọ́ lọ. Ebè tirẹ̀ gùn gbọọrọ nílẹ̀.

Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́púrà, ebè la ní kí o kọ. Ta lo fẹ́ sin?"

"Ẹ̀yin ni, Sà. Ẹ dùbúlẹ̀ kí n wọ̀n yín wò!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ọkọ mi. Ọkọ́ rẹ̀ ti dúró. Sájẹ́ǹtì fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi kò yíjú sí wa tó fi ní, "Ó bi mí bóyá bàtà òun wà níbẹ̀."

"Ta ni?"

"Ọmọ yẹn. Ó ní ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Mo ní ó wà níbẹ̀. N kò sì rí i."

Sájẹ́ǹtì kò sọ fún un pé kó ṣọkàn akin. Ó jókòó sínú poro. Kọ́púrà ni ó sọ̀rọ̀. "Èmi rí ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo jù ú sígbó. Mò ń lá a lálàá."

Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè. "Ibà ló sọ fún mi pé kì í jẹ́ kí òun sùn lóru," ó sọ ọ́ sí mi létí.

"Wọ́n pa ọ̀rẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo wà ní kọ́púrà," Sájẹ́ǹtì ní. "Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ọtí ni mo ń sọ ọ́ fún. Ohun tí ẹ bá sọ nínú poro yìí, kò ní dé etí ọ̀gá. Ẹ ṣáà máa sọ ọ́. Oko kọ́púrà ló kàn."

"N kò ní oko, Sà."

"A ó wá ọ̀kan fún ọ, apẹja!"

Ebè tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Ara ọkọ mi kò yá lójú ẹsẹ̀, irọ́ ni bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ó jẹun, ó sì ní kí n bá òun lọ aṣọ iṣẹ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, mo lọ sẹ́yìnkùlé kọ́púrà. Ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé bárékè yẹn, n kò jókòó tì í rí. Mo kí i, mo fa àpótí kan, mo gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ná náà títí. Nígbà tó yá, mo bi í bóyá ó rí oorun sùn.