Ìlẹ̀kẹ̀ Làǹtànà Ìyá Àgbà

Bí òórùn òrí bá kàn mí nímú, ọ̀sán kan ní Asawase, àdúgbò tí ìyá àgbà mi ń gbé, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó ń fi òrí pa ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà rẹ̀, òkúta pupa tí wọ́n gbé wá láti Ìlọrin.

"Ọjọ́ kan gbáko ni baba mi fi ń mú ẹyọ kan dán lórí òkúta," ni ó wí, ó sì fi í sí mi lọ́rùn. Ó tutù bí omi àmù. Mo gbé ẹyọ kan sókè sí oòrùn, àfi bíi pé iná ń jó nínú rẹ̀. "Tìrẹ ni, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Éè, Màmá! Ẹni tó sọ bàtà nù lánàá? Ẹ jẹ́ kí n bá a tọ́jú rẹ̀, wàláhì."

"Ó dáa," ni ìyá àgbà sọ fún mi. "Bọ́ ọ fún un."

Àwọn ọmọbìnrin ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ṣègbéyàwó, èmi fi ọrùn òfìfo ṣe tèmi.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún un, bí a ti ń gbé nǹkan fún àgbà, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.