Písà Aláìláta ti Ìyá Onílé Wa

Tí mo bá ti gbóòórùn ṣọkọ lórí ìyẹ̀fun tó ń jóná díẹ̀díẹ̀, ìyá onílé wa ní àdúgbò Mayfair nílùú wa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ní gbogbo àyájọ́ òmìnira, wọn a máa ṣe písà. Inú ìkòkò tí wọ́n da yanrìn sí nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń yan án. Wọ́n á to ṣọkọ sápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n á kó wàrà sáàárín, kó lè jọ àsíá.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn jẹ ẹ́, mo ní, "Mà, ata ńkọ́?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. "Ṣé o rí pupa lára àsíá wa ni?"

Omi ni mo fi ti tèmi.

Láyé ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ṣì wà nílé, ìjà ni wọ́n máa ń jà lórí funfun àárín yẹn. Kánádà ni gbogbo àwọn ọmọ náà wà báyìí. Funfun ọ̀hún á kàn wà nínú àwo títí á fi gan.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá wọn ya fọ́tò písà náà, a fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ. Kò pẹ́ tí èsì dé: àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mà."

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sétí.

"Mo mọ̀ pé kò lè dún," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e kúrò.