Actually Tí Tíṣà Kọ́ Mi

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjà Pessu ní Warri tí mo ti ń ta àlùbọ́sà, ta ló tó fi gẹ̀ẹ́sì halẹ̀ mọ́ mi? Ọ̀rọ̀ kan ló sọ mí di ọ̀gá: actually. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí n kì í fi ṣáájú. Actually, ẹ káàárọ̀. Actually, àlùbọ́sà ti wọ́n.

Tíṣà kan tí a jọ ń gbé ilé ní Ugbolokposo pè mí lọ́jọ́ kan. "Ọ̀gá Alálùbọ́sà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe iyọ̀ tí ẹ máa bù sí gbogbo ọbẹ̀." Ó ní èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ti wá, pé ìṣe ni ìdí rẹ̀, ohun tí èèyàn ṣe, tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó ní ìgbà tí ẹnìkan bá gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni kí n lò ó, kí n wá fi bó ṣe rí gan-an hàn án. Mo ní mo ti gbọ́. N kò jáwọ́.

Ìgbà tí ìjà Warri gbóná, tí àwọn kan ń dínà, tí wọ́n ń wá àwọn ẹ̀yà Itsekiri kiri inú mọ́tò láti pa, ni ẹ̀gbọ́n mi kó èlùbọ́ wá fún mi láti ìhà Ọ̀yọ́. Kò gbọ́ pijin rárá. Bí mọ́tò ṣe ń gbé wa lọ sílé, mo kìlọ̀ fún un: "Bọ̀dá, ẹ má lanu o. Létí wọn, èdè wa àti ti Itsekiri ò yàtọ̀."

A dé ibi tí táyà ti ń jó lójú títì. Òkú kan wà nínú gọ́tà. Wọ́n wọ́ gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan fi ìdí ìbọn gbá ẹ̀gbọ́n mi lórí. Orí là, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ó ṣubú, ó figbe ta: "Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!"

"Na Itsekiri!" Wọ́n hó. Ẹnìkan gbé àdá sókè.

"Actually!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀.

Àdá dúró lókè. "Actually wetin? Oga Grammar, finish am, make we cut you join!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu mi. Mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo kúnlẹ̀, mo ń nu ojú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń fi àdá là mí lẹ́yìn, n kò dìde. Mo nù ún títí ilà àbàjà fi yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Itsekiri kì í kọ irú ilà yẹn. Gbogbo Warri ló mọ̀.

Ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Na Yoruba be this. Carry am go."

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn wa nínú mọ́tò kò ní ilà. A gbọ́ igbe rẹ̀ bí a ṣe ń lọ. N kò bojú wẹ̀yìn.

Tíṣà ló fi omi gbígbóná nu ẹ̀yìn mi nílé. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Mo máa ń bọ́ṣọ fún ẹni tó bá jiyàn. Bí Tíṣà ṣe ń nu ẹ̀yìn mi lọ́jọ́ náà, ó bi mí pé kí ni mo sọ fún wọn.

"Mo ní, actually."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mo na síńgílẹ́ẹ̀tì pupa náà sí i.