Ilà Tí Mo Kùn Sójú Ṣọ́jà

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí. Ọpọlọ mi ò gbé nǹkan dúró mọ́. Lánàá, orúkọ àbúrò mi tó ti kú ni mo fi pe ọmọ mi, ó sì dáhùn, kò bá mi jiyàn. Tí mo bá fo ibì kan, tàbí tí mo sọ ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, mi ò gbàgbé ẹ̀. Ó ti wù mí títí kí n gbàgbé ẹ̀.

Ọwọ́ ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Ó kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́jà síméńtì, ó ń fi ìka òsì tọ ojú ihò okùn bàtà ṣọ́jà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ìyẹ́ ẹtù kan dání lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọyẹ́ ń fẹ́ lóde. A ti fi aṣọ tútù yí ibi iṣẹ́ ká kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Omi ń kán láti etí aṣọ, tó, tó, tó, òórùn karosíìnì sì kún imú mi. Bí ìka ẹ̀ bá ti kan ihò kan, á fi ìyẹ́ yẹn tọ́ ọ̀dà dúdú sí i, á sún sí èkejì. Mo rò pé bí àwọn àgbà oníṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wo nǹkan.

Ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Òun ló ń kun àwọn kìnnìún àti ṣọ́jà tí àwọn bíríkìlà máa ń mọ síwájú ilé àti sórí ibojì nílùú wa. Bàbá mi ò rán mi nílé ìwé, ó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo máa tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn.

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé orúkọ ẹ̀ ńkọ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún un ò jẹ́ kí n lẹ́nu láti pè é.

Ọmọbìnrin yìí náà ló fa ọ̀rọ̀. Ilé wọn ní Mesquite, nílùú òyìnbó, ni mo wà. Ìyá ẹ̀, ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni, á ti wakọ̀ jáde kí n tó fọ ẹnu tán, á wá ku èmi àti òun nílé tí kò bá ní kíláàsì. Ọmọ yìí ní ṣọ́jà ike kan tó ń kùn lórí tábìlì oúnjẹ. Ó ga tó ìgò ọtí. Wẹ́wẹ́ ló rà á nínú páálí, ó fi góòmù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó wá de jígí tó ń sọ nǹkan di ńlá mọ́ orí, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun kun bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà nídìí ẹ̀. Èmi náà á jókòó tì í, òun á máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ojú ṣọ́jà yẹn, mo máa ń dìde, mo máa ń lọ dúró sí gáréèjì. Ó bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, “Grandpa, kí ló dé tí ẹ kì í dúró?” Mo ní òórùn ọ̀dà ni. Ó ní ọ̀dà òun ò ní òórùn, omi ni wọ́n fi pò ó. Ó gbé fóònù ẹ̀ kalẹ̀ síwájú mi, ó ní ó dáa, kí n sọ ọ́, òun á kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá òun á bá òun fi àmì ohùn sí i.

Ṣọ́jà síméńtì tí mò ń wí yìí, màmá àgbà kan ló ní kí wọ́n ṣe é. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin bá wọn lọ sí ogun Bọ́má, kò padà. Nílé wa, tí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí wọn ò lè gbé òkú wá, wọ́n á gé irun àti èékánná ẹ̀ wálé, ìyẹn ni wọ́n á sin. Ti ọmọ màmá yìí, kò sí irun, kò sí èékánná. Ìwé ìjọba nìkan ló dé. Màmá yìí dúró, ó dúró, ọdún ń gorí ọdún. Ìgbà tó rí i pé òun náà ń darúgbó lọ, ó ní kí wọ́n mọ ṣọ́jà kan tó ga tó èèyàn síwájú ilé, kí wọ́n sin ẹ̀wù tí ọmọ òun fi sílẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kí òun rí ojú tí òun á máa kí láàárọ̀. Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ojú.

Ó mú fọ́tò kan wá. Kékeré ni, omi ti kán sí i, ojú ọmọ náà ti parẹ́. Ó máa ń wá jókòó síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wo ṣọ́jà náà lókè nílẹ̀, ó ní ọmọ òun ò ga tó báyìí. Bàbá ní, “Oúnjẹ ọba ló mú un ga, ìyá.” Màmá yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

Bàbá yẹn mọ iṣẹ́. Á kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun bo síméńtì, á jẹ́ kó gbẹ, á fi sáńpépà ha á. Àwọ̀ kákí, òun fúnra ẹ̀ ló ń pò ó, ọ̀dà ìyeyè púpọ̀, dúdú díẹ̀, pupa tí kò ju ẹnu ìka lọ. Á wá ní kí n lọ dúró sínú oòrùn kí n wo ẹ̀wù ara mi. Ibi tí aṣọ bá ti wó, ó ṣókùnkùn. Ibi tó bá yọ síta, ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń kun ti ṣọ́jà, tí wàá fi rò pé tí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹ̀wù síméńtì yẹn á mì.

Ìdérí agolo ọ̀dà ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló fi ìṣó lu. Ihò kan, funfun. Méjì, dúdú. Mẹ́ta, pupa. Mi ò bi í pé kí ló wà fún. Ọjọ́ kan mo fọ àwọn ìdérí yẹn, mo dé wọn padà bó ṣe bá ọwọ́ mi. Bàbá fọwọ́ pa ihò wò, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ìgbànú ṣọ́jà. Àwọ̀ ewé ló ń kùn.

Mo ní, “Bàbá, àwọ̀ ewé nìyẹn o.”

Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó bi mí ta ló wà níbẹ̀. Mo ní èmi nìkan ni. Ó fa búrọ́ọ̀ṣì yẹn yọ, ó nù ún. Ó ní ojú òun ti ń kú lọ láti bí ọdún méjì. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọjọ́ tí àwọn bíríkìlà bá gbọ́, iṣẹ́ tán nìyẹn. Mo ní mi ò ní sọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìgbéraga ti wọ̀ mí. Èmi ni mò ń ka agolo fún un. Èmi ni mò ń sọ pé ọ̀dà ti yọ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ lápá òsì. Tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá gba iwájú ibẹ̀ kọjá, ń ṣe ni mo máa ń dúró bí ọ̀gá.

Ojú ni bàbá máa ń kùn gbẹ̀yìn. Òun nìkan ló máa ń ṣe é, á ní kí gbogbo èèyàn kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè ṣe é. Ó kun àwọ̀ ara fúnra ẹ̀, èmi ń tọ́ ọ sọ́nà. Láàárọ̀ yẹn ló sọ ilà tí màmá yẹn ní ó wà lójú ọmọ òun fún mi. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ kọjá, mò ń wò wọ́n.

Nígbà tí ọ̀dà ojú ṣọ́jà gbẹ lọ́sàn-án, ó na ìyẹ́ ẹtù yẹn sí mi.

Ó ní, “Ṣé o rántí ilà yẹn?”

Mo ní, “Mo rántí, sà.”

Mi ò rántí. Kì í lù mí. Ká ní mo sọ pé mo ti gbàgbé, á tún un sọ ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ló tì mí, èmi tí mò ń pe ara mi ní ojú ẹ̀. Mo ki ìyẹ́ bọ ọ̀dà dúdú. Ọwọ́ mi ṣe èyí tó mọ̀. Ìlà mẹ́ta tó dúró ṣánṣán, ọ̀tún mẹ́ta, òsì mẹ́ta. Pélé ni. Ojú bàbá mi ni mo ti ń rí i láràárọ̀.

Bàbá bi mí bó ṣe rí. Mo ní ó dáa gan-an. Ó fọwọ́ wá orí mi títí ó fi kàn án, ó rọra fọwọ́ lé e.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí i, àwọn ẹbí pé síwájú ilé. Wọ́n ti sin ẹ̀wù yẹn. Wọ́n fa aṣọ funfun kúrò lórí ṣọ́jà, àwọn èèyàn ń wí pé háà, wọ́n ń fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Wọ́n di màmá yẹn mú lápá dé iwájú ẹ̀. Ó wo bàtà, ó wo ìgbànú, ó gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́.

Ó yíjú sí bàbá, kò pariwo. “Ta lẹ gbé wá fún mi yìí?”

Àbàjà mẹ́rin ló wà lójú gbogbo wọn, lójú màmá, lójú àwọn àbúrò olóògbé. Ìlà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀. Èmi náà wá rí i nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ní, “Bàbá, ṣé ojú ọmọ àna yín lẹ wá kùn fún ẹ̀gbọ́n wa ni?” Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Màmá yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé òun ò lè máa kí ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá ò mọ ohun tó wà lójú ṣọ́jà. Mo rí i bó ṣe ń yí orí kiri, tó ń fetí wá ibi tí mo wà. Èmi ni mo gbé agolo dání, kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó dúró dè mí. Mo mọ̀ pé ó dúró dè mí.

Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún màmá yẹn nínú iyẹ̀pẹ̀, bó ṣe dàgbà tó. Ó ní, “Ẹ má bínú. Ojú mi ni. Mi ò ríran mọ́.”

Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú. Àwọn bíríkìlà wà níbẹ̀.

Wọ́n mú ẹlòmíràn wá láti ìlú kejì, ó fi ọ̀dà bo pélé yẹn, ó kun àbàjà lé e. Wọ́n ní tí oòrùn bá bà á láti ẹ̀gbẹ́, pélé ṣì máa ń hàn lábẹ́. Mi ò lọ wò ó rí. Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún bàbá mọ́. Ó di ẹni tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo gba iwájú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Ìwọ nìyẹn?” Ohùn ẹ̀ dùn. Kò bínú. Mo dúró gan-an síwájú ẹ̀, mi ò dáhùn, mo rìn lọ. Ìyẹn ló máa ń dùn mí ju ilà yẹn lọ. Èkó ni mo wà nígbà tó kú.

Láti ìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé mo gbọ́, mo máa ń ní kó tún un sọ. Níbi iṣẹ́ wọ́n ń pè mí ní Bàbá Tún Un Sọ. Nígbà tí mo dé ibí, ọmọ mi gbé mi lọ rí dókítà etí ní Plano nítòsí ibí, wọ́n fi nǹkan sí mi létí, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọ mi ò mọ ohun tó máa rò. Mi ò sọ fún un. Mi ò sọ fún ìyàwó mi títí ó fi kú.

Ojú bàbá yẹn kọ́. Èmi ni. Mo ti sọ ọ́.

Ó yá, ọmọ ọmọ mi, kà á sókè fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Tó o bá dé ibi tí mo ti gbé agolo dání yẹn, má sáré kà á.