Ewé Tí Mo Kó Kúrò ní Oríta

Oṣù mẹ́fà ni mo fi to kẹ̀kẹ́ náà jọ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ọ̀wọ̀. Férémù rẹ̀ jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí mo ń gùn lọ sí ilé-ìwé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Táyà rẹ̀ méjèèjì, tó nípọn tó sì rí págunpàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì, jẹ́ tòkunbọ̀. Gíà rẹ̀ wá láti ara kẹ̀kẹ́ mìíràn. Níbi tí irin kò bá ti bá ara wọn mu, wẹ́dà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò wa ló bá mi jó wọn pọ̀. Dókítà ló ní kí n máa lo ara mi lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé ìrìn yí ká àdúgbò ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn ìrìn tí kò ní ibi tó ń lọ.

Ọmọ Ùtè ni wẹ́dà yìí. Inú oko kòkó ló dàgbà sí, ó sì mọ gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó la igbó kọjá láti ẹ̀yìn Ọ̀wọ̀ títí dé ìlú wọn. Òun náà ní kẹ̀kẹ́. Ẹnì kẹta wa ni ọ̀rẹ́ mi, ẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ orí, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé náà ni mo máa ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ló fi kẹ̀kẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Akọ̀wé ní ìtọ̀ ṣúgà. Àràárọ̀ ló ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹun lásìkò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣúgà ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ojú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wẹ́dà jó kárìà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, kí n lè máa ru oúnjẹ gbogbo wa.

Sátidé mẹ́ta la ti fi dán kẹ̀kẹ́ wò ní ọ̀nà Ìsùàdà, níbi tí ilẹ̀ ti rọrùn. Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ti kọ́ pé èèyàn kì í fa bíréèkì iwájú nìkan bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Sátidé kẹrin ni a gbéra lọ sí Ùtè.

"Tíṣà," ni Akọ̀wé wí bó ti ń yí kẹ̀kẹ́ mi po, "táyà iwájú yìí ń bá ti ẹ̀yìn jà."

"Kò sí ìjà níbẹ̀. Ọ̀kan ga ju èkejì lọ díẹ̀ ni."

"Ìyẹn ni pé òkè ni wàá máa gùn láti àárọ̀ dalẹ́, àní lójú títì ọlọ́dà."

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. "Sà, ẹ dá wọn lóhùn lórí òkè. Ibẹ̀ la ó ti mọ ẹni tó ní kẹ̀kẹ́."

Wẹ́dà ṣáájú, èmi tẹ̀lé e, Akọ̀wé sì ń rọra bọ̀ lẹ́yìn. Àpò oúnjẹ wà lórí kárìà mi. Fóònù Akọ̀wé náà wà nínú rẹ̀, nítorí àpò ṣòkòtò rẹ̀ kò jìn.

Bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn tí a gbéra, mo kù díẹ̀ kí n dé oríta kan nígbà tí igi wẹ́wẹ́ kan wọ inú gíà mi. Kẹ̀kẹ́ onígíà ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn tó máa ń sún ṣéènì láti orí eyín kan sí òmíràn. Igi náà tẹ irin yìí wọ́, ṣéènì sì bọ́ sílẹ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́ dé oríta, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo ṣì ń rí ẹ̀wù pupa wẹ́dà láàárín àwọn igi kòkó ní ọ̀nà ọ̀tún, nítorí náà n kò ṣiyèméjì nípa ibi tí mo máa gbà.

Nígbà tí mo dìde tán, mo rí ẹ̀ka tútù mẹ́ta tí wọ́n dùbúlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà òsì. Ìdí wọn yọ sí ojú ọ̀nà ọ̀tún díẹ̀. Inú ń bí mi sí ẹ̀ka igi lásìkò náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kò sí àárọ̀ kan tí n kò ní kí wọ́n ṣa igi àti ewé kúrò lójú pápá. Ọwọ́ mi ṣe é kí orí mi tó dá sí i. Mo kó ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sọ wọ́n sínú igbó, kí wọ́n má baà wọ inú gíà ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ohun tí mo ṣe.

Lórí òkè, wẹ́dà ń dúró dè mí ní abà kan tí wọ́n ti ń sá kòkó. Bí mo ti jókòó ni òjò dé, ó sì dé pẹ̀lú agbára. A wo ọ̀nà títí.

"Ó yẹ kí wọ́n ti dé," ni wẹ́dà wí.

"Ó ń rọra bọ̀ ni. O mọ̀ ọ́n."

"Sà, òkè yìí kò gùn tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, mo wo aago mi. Àsìkò oúnjẹ Akọ̀wé ti kọjá. Mo wo àpò tó wà lórí kárìà mi.

"Ó lè jẹ́ pé ó ṣìnà," ni mo wí.

"Rárá o. Oríta kan péré ló wà, mo sì já ewé tútù, mo fi dí òsì kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Òsì ń lọ sí etí odò Ọ̀sẹ̀ ni, kò sí abà kankan níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà rí ewé ọ̀hún?"

Ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa àrokò kò níye. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó pé bí ẹni tó ṣáájú bá dé oríta, yóò fi ẹ̀ka tútù dí ọ̀nà tí kò gbà, kí ẹni ẹ̀yìn má baà ṣìnà. Mo ti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò. Àmọ́ ilé míṣọ́ọ̀nù la ti tọ́ mi dàgbà, n kò tíì rí i rí lójú ọ̀nà.

"Mo rí i," ni mo wí.

Òótọ́ ni. Mo rí i.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti yí padà sílé. Ọ̀nà àbùjá kan wà níhìn-ín tó já sí títì. Màá pàdé wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Màá gba ibi tí a gbà wá, kí n yẹ oríta wò."

"Nítorí kí ni? Mo ní mo fi ewé dí i."

"Jẹ́ kí n ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Ó yẹ kí n pè é padà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n pè é. Bí mo ṣe jẹ́ kí ẹni tó mọ igbó lọ nìyẹn, tí ó ku èmi tí n kò mọ̀ ọ́n.

Mo sọ̀ kalẹ̀ dé oríta, mo sì yà sí òsì. Òjò ti fọ ojú ilẹ̀, kò sí ipasẹ̀ táyà kankan. Ọ̀nà náà da gẹ̀rẹ́, ó sì ń yọ̀. Mo ń pariwo, "Akọ̀wé o! Akọ̀wé!" Kò sí ẹni tó dáhùn. N kò tíì lọ jìnnà nígbà tí irin tí igi ti tẹ̀ wọ́ lẹ́ẹ̀kan wọ àárín sípókù, àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rímù. Táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, kẹ̀kẹ́ sì gbé mi sọ sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo dìde, irin náà ti kán, ṣéènì sì ń fì lọ́tùn-ún lósì.

Mo rò ó pé kí n sáré. Ṣùgbọ́n eékún mi kì í ṣe ti ẹni tó ń sáré mọ́, n kò sì mọ bí odò náà ti jìnnà tó. Wẹ́dà ti sọ fún mi rí pé, "Bí gíà bá kú, ẹ gé ṣéènì kúrú, ẹ fi há orí eyín kan ṣoṣo, kẹ̀kẹ́ yín á di ti ayé àtijọ́." Mo mú ìṣó kan láti inú àpò irinṣẹ́ mi, mo sì ṣa òkúta kan nílẹ̀. Láti gé ṣéènì, èèyàn á fi ìṣó ti píìnì tó so ó pọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tì í jáde tán. Bó bá bọ́ síta pátápátá, kò ní wọlé mọ́. Mo mọ èyí, ṣùgbọ́n mo ń kánjú. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan jù. Píìnì bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún. N kò purọ́. Mo ń ronú nípa ọkùnrin tí ṣúgà ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ nínú igbó, tí búrẹ́dì rẹ̀, ẹyin rẹ̀ àti mínírà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níhìn-ín. Olúwa, mo ní, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe torí tèmi. Mo wá píìnì mìíràn lára ṣéènì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, jẹ́jẹ́, mo ń ka iye ìgbà tí mo gbá a sókè bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí dúró. Mo so ó, ó le jù. Mo tú u, mo fi há eyín tó kéré sí i. Ó yí.

Láti ibẹ̀, n kò fọwọ́ kan bíréèkì mọ́ àfi tí igi bá dojú kọ mí. Ìgbà méjì ni mo tún ṣubú. Mo rí kẹ̀kẹ́ Akọ̀wé kí n tó rí òun fúnra rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ létí odò, ó ń dán, omi sì ti kún dé ara táyà rẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

N kò mọ ohun tí mo kígbe. Mo wọ inú omi náà dé orúnkún kí n tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Abẹ́ ọparun ni Akọ̀wé jókòó sí. Ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, òógùn bo gbogbo ara rẹ̀ nínú òtútù yẹn, ojú rẹ̀ kò sì mọ̀ mí. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló ń pè mí. Èdè Ọ̀wọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń sọ, èyí tí kì í sábà sọ sí mi. Mo gbé mínírà sí i lẹ́nu, ó tì í dànù. Mo bẹ̀ ẹ́, ó fún eyín pọ̀. Ni mo bá fi ohùn tí mo fi ń darí pápá ilé-ìwé jágbe mọ́ ọn pé, "Ya ẹnu! Gbé e mì!"

Ó ya ẹnu. Ó gbé e mì. Mo ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, mo sì ń dúró kí ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè sódò kí n tó tún rọ òmíràn. Ó pẹ́. Nígbà tí ìgò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó wò mí.

"Tíṣà. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Òjò ni."

"Òjò ti dá."

Mo bọ́ ẹyin fún un, mo bu búrẹ́dì sí i lọ́wọ́, mo sì wo bó ṣe ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àgbẹ̀ kòkó kan tó ń ti oko bọ̀ gbọ́ ìpè mi, ó fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni èmi tó dé ibẹ̀. Wọ́n ti fa omi sí i lára. Wẹ́dà, tó pàdé ọ̀kadà náà ní títì, ti ṣáájú mi dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ẹ dárí jì mí, bàbá. Bóyá n kò dí ọ̀nà náà dáadáa. Bóyá ewúrẹ́ ló jẹ ewé."

"Dìde ńlẹ̀," ni Akọ̀wé wí. "Èmi kò ṣáà rí ewé kankan."

"Èmi ni mo kó o," ni mo wí. "Mo kó o kúrò lójú ọ̀nà kí ó má baà wọ inú gíà rẹ."

Akọ̀wé pa ojú dé. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín kan mì í láyà. "O gbá ọ̀nà fún mi, Tíṣà."

Wẹ́dà kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó nu eékún rẹ̀.

"Sà, ti ewé kọ́ ló dùn mí. Àṣìṣe ni. Nígbà tí mo bi yín ní abà, ẹ ní ẹ rí i."

"Mo rí i lóòótọ́."

"Ẹ mọ ohun tí mo ń bi yín. Ká ní ẹ sọ ọ́, èmi ni ǹ bá lọ síbẹ̀. Mo mọ ọ̀nà yẹn látìgbà èwe. Ǹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí ojú wọn tó ṣú."

Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, èmi ni mo máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wẹ́dà fa àga kan, ó jókòó sí apá kejì ibùsùn, èmi wà ní apá ìhín, a sì ń wo omi tó ń kán sílẹ̀ nínú ọ̀rá. Ibẹ̀ la wà nígbà tí ìyàwó Akọ̀wé wọlé, tí ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká, tó ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ òun. Wẹ́dà wò mí. Mo dìde dúró, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un láti oríta.